Ọpẹ́ Ọjọ́ Kejì

Gbogbo ọjà Roxy ní Abidjan ló mọ ẹnu mi. Àwọn oníbàárà tó ń ra àwo àti ìkòkò lọ́wọ́ mi mọ̀ pé bí wọ́n bá ná ọjà mi ní ìnákúnàá, èmi náà á fún wọn lésì tó yẹ wọ́n, ní Yorùbá, ní Júlà, àti ní ìwọ̀nba Faransé tí mo gbọ́. Baálé mi, tí í ṣe pásítọ̀, máa ń sọ pé ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni òun ń wàásù, pé láti Mọ́ńdé títí dé Sátidé, èmi ni mo ni pẹpẹ. Nítorí náà, nígbà tí àwa ìyàwó pásítọ̀ ń wá ẹni tó máa gbẹnu sọ fún wa níbi ìpàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ilé ẹ̀kọ́ pásítọ̀ wa, wọn ò wá a jìnnà. Èmi ni wọ́n yàn. Èmi náà ni mo sì dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilé ẹ̀kọ́ náà ṣe rí ná, kí ẹ tó bú mi.

Adjamé ló wà, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa. Àwọn bàbá tó ti Èjìgbò wá, àtàwọn tó ti Kétu àti Ṣakété wá, ni wọ́n dá a sílẹ̀ láti máa kọ́ àwọn pásítọ̀ ní èdè Yorùbá. Àwọn ọkọ ń kẹ́kọ̀ọ́ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àwa ìyàwó wà nísàlẹ̀, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òfin kan sì wà níbẹ̀ tí n kò gbọ́ irú ẹ̀ níbòmíràn: bí ìyàwó kò bá yege, ọkọ kò ní gba ìwé ẹ̀rí. Wọ́n ní pásítọ̀ kì í dá nìkan ṣe pásítọ̀. Wọ́n kọ́ wa láti kàwé, láti ránṣọ, láti bẹ aláìsàn wò láìsọ ọ̀rọ̀ tó máa dá kún àìsàn rẹ̀, àti bí a ṣe ń gba àlejò méje nígbà tó jẹ́ oúnjẹ ẹni méjì ló wà nínú ìkòkò. Nígbà tiwa, ọkùnrin kan wà tó mọ̀wé bí ẹni jẹ ẹ́. Ìyàwó rẹ̀ kùnà, ni bàbá bá tún ọdún náà ṣe. A fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Díẹ̀ ló kù kí èmi náà sọ baálé mi di ẹlẹ́yà, torí n kò mọ á yàtọ̀ sí bí nígbà tí mo wọ kíláàsì yẹn. Ọ̀rẹ́ mi ló yọ mí.

Ọmọ Kétu ni. Orí bẹ́ǹṣì kan náà la jọ ń jókòó. Bí lẹ́tà ò bá wọ orí mi, inú a bí mi, màá ju síléètì sílẹ̀, màá ní kí wọ́n máa kó ìwé wọn lọ, pé ìyá mi ò kàwé, ó sì jẹun yó. Ọ̀rẹ́ mi kì í bá mi jiyàn. Á bẹ̀rẹ̀, á mú síléètì náà, á nù ún mọ́ ìró rẹ̀, á gbé e padà lé mi lẹ́sẹ̀, á wá dákẹ́. Ó mọ bí a ṣe ń dúró de èèyàn. Á dúró títí èmi fúnra mi á fi mú ẹfun, tí màá tún kọ ọ́. Bí mo ṣe mọ̀wé nìyẹn. Lọ́jọ́ ìdánwò, mo ka Sáàmù níwájú àwọn olùkọ́ láìkọsẹ̀. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, omi ti kún ojú ọ̀rẹ́ mi.

Ọkọ rẹ̀ kò pẹ́ láyé. Gagnoa ni wọ́n rán wọn lọ, ibẹ̀ ni àìsàn ti mú un, kò sì fi ọmọ sílẹ̀ fún un. Ilé ẹ̀kọ́ ní kó padà wá máa kọ́ àwọn ìyàwó, wọ́n fún un ní yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíṣìnì. Láti ìgbà náà, ìyàwó pásítọ̀ kankan kò sí tí kò ti ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Kíláàsì yẹn ni ọkọ rẹ̀, òun ni ọmọ rẹ̀, òun náà ló sì ń fún un nílé gbé.

Ayé wá yí. Lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n gé iye owó séfà wa sí méjì, tí gbogbo nǹkan gbówó lórí, àwọn ọ̀dọ́ tí a bí sí Abidjan bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn tó kàwé Faransé ni, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Plateau. Wọ́n ní kí ilé ẹ̀kọ́ kúrò ní Adjamé, kó lọ sí Riviera, níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì ti ní ilẹ̀ tí wọ́n ti kọ́lé sí. Wọ́n ní kó máa jẹ́ Institut, Faransé nìkan ni wọ́n á sì máa fi kọ́ni, ẹni tí kò bá ní bac, ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ gíga, kó má wulẹ̀ wá. N kò lè sọ pé wọ́n purọ́. Àwọn ọmọ tí mo bí, bí mo bá sọ Yorùbá sí wọn, Faransé ni wọ́n á fi dá mi lóhùn. Ta ló wá fẹ́ kí pásítọ̀ máa wàásù fún ògiri?

Ṣùgbọ́n nínú ètò tuntun náà, kò sí kíláàsì ìyàwó. Wọ́n ní ayé ti lajú, kí ìyàwó máa ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ibi tí ọ̀rẹ́ mi máa wọ̀ sí, ẹnikẹ́ni ò bèèrè.

Wọ́n wá pe gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, tọkọ tìyàwó, láti Bouaké, láti San-Pédro, kódà láti Cotonou, pé kí wọ́n wá pàdé ní Adjamé ní Sátidé kan, kí wọ́n rí ara wọn, kí wọ́n jẹun, kí wọ́n sì fọwọ́ sí ètò náà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀, àwa obìnrin bíi mẹ́wàá pé jọ sí ìsọ̀ mi ní Roxy. Orí àwọn ìkòkò ńláńlá tí mo dojú wọn dé la jókòó sí. A pinnu pé a ò ní jà. Ohun kan ṣoṣo la máa bẹ̀ wọ́n fún: kí kíláàsì ìyàwó bá wọn lọ sí Riviera, òun àti olùkọ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó kàn ní, “Ẹ bá mi sọ fún wọn pé mo lè kọ́ni ní Faransé. Mo ti ń kọ́ ọ.”

Obìnrin kan rẹ́rìn-ín. “Ìwọ ọ̀hún? Pẹ̀lú ọjọ́ orí yìí?”

Ọ̀rẹ́ mi tọ́ka sí mi. “Ẹni tó kọ́ eléyìí ní á-bí-dí, kí ló kù tí kò lè ṣe?”

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, èmi gan-an rẹ́rìn-ín dé ilẹ̀. Mo wá dìde, mo so ìró mi le. “Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún mi. Lọ́la, wọ́n á mọ̀ pé obìnrin ló bí wọn!” Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Àwọn Júlà tó wà ní ìsọ̀ kejì bèèrè bóyá a fẹ́ ṣègbéyàwó ni.

Nígbà yẹn, àgbàlá àwọn ayálégbé kan là ń gbé ní Adjamé, tí ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo wà fún gbogbo wa. Mo ti ja ìjà nídìí ẹ̀rọ yẹn tí kò yẹ ìyàwó pásítọ̀ rárá. Láàárọ̀ Sátidé, mo gbé omi wọlé fún baálé mi, mo ṣì ń bú obìnrin kan tó sún bọ́kẹ́ẹ̀tì mi sẹ́yìn. Baálé mi ní kí n ti ilẹ̀kùn.

“Wọn ò tíì kéde ẹ̀ o,” ó ní. “Èmi ni wọ́n fẹ́ fi ṣe pásítọ̀ Institut. Ilé wà fún wa nínú ọgbà. Ẹ̀rọ omi wà ní kíṣìnì, òmíràn wà ní balùwẹ̀.”

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ń so táì rẹ̀ níwájú dígí, kò wò mí.

“Ṣé ìwọ lo máa sọ̀rọ̀ fún àwọn ìyá lónìí?”

“Èmi ni.”

“Ó dáa. Sọ ohun tí Ọlọ́run bá fi sí ọ lẹ́nu.”

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti ń wá ibi tí mo máa ti di ẹ̀bi yìí rù ú láti ọjọ́ náà, n kò rí i. Ká ní ó ní kí n panu mọ́ ni, ẹ gbà mí gbọ́, ǹ bá sọ ọ̀rọ̀ náà kó dé òrùlé. Ẹni tó bá ní kí n má ṣe nǹkan, àfi bí ẹni tó rán mi níṣẹ́ ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kò dá mi dúró. Omi ẹ̀rọ méjì ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn nínú orí mi, ó ṣàn títí a fi dé gbọ̀ngàn.

Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Àwọn tí wọn ò tíì rí ara wọn láti ọdún gbọọrọ ń dìrọ̀ mọ́ ara wọn, wọ́n ń fi ikùn ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá tó tún ọdún ṣe wà níbẹ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀, a sì tún fi wọ́n rẹ́rìn-ín bí ẹni pé àná ni. Ọ̀rẹ́ mi nìkan ni kò sí láàárín wa. Wọ́n ní ta ló tún mọ kíṣìnì yẹn bíi tirẹ̀, ni wọ́n bá fi í sídìí oúnjẹ. Kíṣìnì náà fara ti gbọ̀ngàn, òórùn ata tó ń dín gba ojú fèrèsé wọlé bá wa.

Alága ìgbìmọ̀ jẹ́ ọmọkùnrin kan tí ìyá rẹ̀ bí sí Treichville níbí. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ojú ló máa ń tì í láti sọ ọ́. Ó ka ètò tuntun náà ní Faransé, wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn àgbà. Àwọn bàbá sọ tiwọn. Àwọn ọ̀dọ́ sọ tiwọn. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí apá ọ̀dọ̀ wa, ó tẹríba díẹ̀.

“Nos mamans, on vous écoute. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ sọ̀rọ̀.”

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló wí. Kò sí ẹni tó dí mi lẹ́nu. Ká ní ó fi wá wọ́lẹ̀ ni, ǹ bá rí ibi gbá mú. Mo dìde. Mo rí ojú àwọn obìnrin tó jókòó sórí ìkòkò mi lánàá. Mo rí baálé mi tó ń wo bàtà ara rẹ̀. Mo la ẹnu.

“A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run,” mo ní. “A dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn bàbá wa. Ohun tí ẹ bá ṣe, a gbà pé ó dáa.”

Mo sì dá orin ọpẹ́ sílẹ̀. Ẹ wo èmi abiyamọ! Orin ni mo fi bo ara mi lójú. Àwọn obìnrin kọ́kọ́ wo ara wọn, àmọ́ bí a bá dárin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ta ni kì í gbè é? Wọ́n gbè é. Wọ́n dìde, wọ́n jó. Bóyá wọ́n rò pé ọgbọ́n ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, pé ọ̀rọ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn orin. Nígbà tí orin parí, mo jókòó.

Alága ní kí àwọn tó fara mọ́ ọn nawọ́. Ọwọ́ sókè, tèmi náà sókè. Ó ní kò tíì tán pátápátá, pé ní mercredi, Ọjọ́rú tó ń bọ̀, ni ìgbìmọ̀ máa jókòó láti fọwọ́ sí i, pé ẹni tó bá ṣì ní ọ̀rọ̀ kó wá bá òun kí ọjọ́ náà tó pé. Mo gbọ́ ọ ketekete.

Ọ̀rẹ́ mi ló gbé oúnjẹ mi wá. Ó ti wá ẹran tó tóbi sí i fún mi. “Ṣé ó tó ọ?” ó bèèrè. Mo ní ó tó. Omi ni mo fi ti ẹran náà lọ.

Nínú àwa Yorùbá, ẹni tí a bá ṣe lóore lánàá kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ kó má padà kí olóore rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, kí ṣọ́ọ̀ṣì tó bẹ̀rẹ̀, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn wa. Mo ṣí i. Ọ̀rẹ́ mi ló dúró níbẹ̀, ó wọ aṣọ ìjáde, ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́pá. Ó fi orúnkún kan balẹ̀ níwájú mi, àwa tí a jẹ́ ẹgbẹ́ ara wa.

“O ṣé àná o. Wọ́n ní o dìde fún mi.”

Mo fà á dìde. “Kò tọ́pẹ́,” mo ní. Ohun tí gbogbo èèyàn máa ń fèsì náà ni.

Kò lọ. Ó jókòó sórí àpótí tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé báàgì lé ẹsẹ̀. Ó ń wò mí. Mo ń ṣa aṣọ tí kò sí nílẹ̀, mo ń pe ọmọ tí kò ṣe nǹkan kan. Ó tún ní, “O ṣé gan-an ni.” Mo ní kò tọ́pẹ́ mọ́, àbí kò rí i pé ilẹ̀ ti mọ́, pé mi ò tíì wẹ̀? Ohùn mi le jù. Ó ṣe díẹ̀ kó tó dìde, ó sì lọ.

Ọjọ́rú dé, wọ́n fọwọ́ sí i. Kí òjò tó rọ̀ tán lọ́dún yẹn, a ti kó lọ sí Riviera, ọ̀rẹ́ mi sì ti kó kúrò ní yàrá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ní Abobo, ó ń báwọn èèyàn tún aṣọ rán. Àwọn obìnrin tí wọ́n yàn mí kò bá mi jà. Wọ́n kàn rọra dẹ́kun jíjókòó sórí ìkòkò mi.

Òun ló ń wá. Lóṣooṣù, á wọ ọkọ̀ èrò gbaka láti Abobo wá kí mi. Màá bu omi fún un látinú ẹ̀rọ, á mu ún, á ní ó tutù dáadáa. Bó bá fẹ́ máa lọ, á ní, “O ṣé ti ọjọ́ yẹn o,” á dúró díẹ̀, ojú rẹ̀ á wà lára mi. Èmi á ní, “Bá mi kí wọn nílé.” Ọmọ mi obìnrin bi mí lẹ́ẹ̀kan pé, “Maman, ọpẹ́ kí ni tantie máa ń dú gan-an?” Mo ní kó lọ fọ abọ́. Ẹ̀bi yẹn jẹ mí débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí i. Bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu géètì, màá sọ lọ́kàn mi pé, kí ló tún ń wá? Mo ń bínú sí ẹni tí mo ṣẹ̀. Ọlọ́run jẹ́rìí mi, mo ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ kò ríran kó abẹ́rẹ́ mọ́. Ó ní òun ń padà sí Kétu. Mo sìn ín dé ibi tí ọkọ̀ Cotonou ti ń gbéra ní Adjamé. Mo mú àwo ńlá kan dání fún un, onídèérí, tó dára jù nínú ọjà mi. Àwọn ọmọ ọkọ̀ ń pariwo “Lomé, Cotonou!”, wọ́n ń ju ẹrù sórí ọkọ̀. Ó gba àwo náà, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún.

“O ṣé o,” ó ní. “O ṣé ti ọjọ́ yẹn náà.”

“Ó tó!” Mo pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ ọkọ̀ kan wẹ̀yìn. “Ó tó, má dúpẹ́ mọ́! Mi ò sọ nǹkan kan fún ọ lọ́jọ́ yẹn. Mo dìde, mo kọrin, mo jókòó. Torí ilé ni. Torí omi ẹ̀rọ ni.”

Kò yà á lẹ́nu. “Mo mọ̀,” ó ní. “Fèrèsé kíṣìnì ṣí sílẹ̀. Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀. Orin yẹn gan-an, o ṣì í kọ.”

“Kí ló wá dé tó o fi ń dúpẹ́?”

“Àárọ̀ ọjọ́ kejì yẹn, mo wọṣọ, mo gbé báàgì, kí èmi àtìẹ lè jọ lọ bá alága kí Ọjọ́rú tó dé. Mo mọ̀ pé ojú á máa tì ọ́. Mo ní bí mo bá kọ́kọ́ dúpẹ́, wàá ní, ‘Má dúpẹ́, mi ò ṣe é.’ Èmi náà á wá ní, ‘Kò burú, mú gèlè rẹ, jẹ́ ká lọ ṣe é.’”

Mo rántí àpótí ẹnu ọ̀nà, mo rántí báàgì tó gbé lé ẹsẹ̀. Omi bọ́ lójú mi, n kò nù ún.

“Àwọn ìgbà yòókù ńkọ́?” mo bèèrè. “Lẹ́yìn tí wọ́n ti fọwọ́ sí i?”

“Mo ṣì ń dúró dè ọ́ ni.”

Wọ́n ní kí àwọn èrò wọlé. Ó gun ọkọ̀, ó jókòó sójú fèrèsé, ó gbé àwo náà lé ẹsẹ̀. Èmi tí gbogbo Roxy mọ ẹnu mi, mo dúró nísàlẹ̀, mo kàn ń fi etí ìró mi nu eruku ara ọkọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ṣí, ó yọjú síta, ó juwọ́ sí mi.

“O ṣé àwo o!”

Mo tẹ̀lé ọkọ̀ náà díẹ̀, mo ń retí èyí tó kù, bó ṣe máa ń sọ ọ́. Àwo nìkan ló dúpẹ́ rẹ̀.